Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Ìtàn John Pope Hennessy, Ọmọ Írẹ́lándì Tó Pàṣẹ Lé Èkó Lórí

Àríyànjiyàn ló bí àròkọ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, àwa mélòó kan jókòó síwájú ilé tí a háyà ní Àkùngbá, à ń retí kí atẹ́gùn fẹ́ wá láti orí òkè. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìkàrẹ́, sọ pé ẹni tí wọ́n bá ti jẹ gàba lé lórí rí kò ní jẹ gàba lé ẹlòmíràn lórí bí àṣẹ bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ Ọ̀kà tó wà láàárín wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní irọ́ ni, pé ẹni tí ẹgba ti bà rí ló mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, a rántí orúkọ kan tí a ti rí nínú ìtàn Èkó, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá láti lè dé orí Glover. Orúkọ náà ni John Pope Hennessy. Ọmọ Írẹ́lándì ni, ìyẹn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ jẹ gàba lé lórí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, òun náà gba àṣẹ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Victoria, ó sì wá pàṣẹ lé wa lórí. A rò pé bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, a ó mọ ẹni tó jàre nínú ọmọ Ìkàrẹ́ àti ọmọ Ọ̀kà.

Ọmọ ìlú Cork

Ní ọdún 1834 ni wọ́n bí Hennessy ní ìlú Cork, ní gúúsù Írẹ́lándì. Ìdílé rẹ̀ ka ara wọn sí ọmọ ọlọ́lá àtijọ́ láti ẹkùn Kerry, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi bí i, òwò awọ màlúù ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ìlú wa náà: oríkì wọn gùn, wọ́n lè ka baba ńlá wọn dé ìran keje, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wọ́n. Ní Írẹ́lándì ayé ìgbà yẹn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àgùdà ló pọ̀ jù nínú ará ìlú, ṣùgbọ́n àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí Gẹ̀ẹ́sì ń tì lẹ́yìn ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Ọdún 1829 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Àgùdà láàyè láti jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 5 péré kí wọ́n tó bí Hennessy.

Nígbà tó wà lọ́mọdé ni ìyàn ńlá mú ní Írẹ́lándì. Láti ọdún 1845 ni àrùn ti ń ba ọ̀dùnkún jẹ́ nínú oko, ọ̀dùnkún yìí sì ni oúnjẹ tálákà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, ó sì tó mílíọ̀nù kan mìíràn tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ. Bí ìyàn ṣe ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń kó ọkà àti màlúù kúrò ní èbúté Írẹ́lándì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Cork sì jẹ́ èbúté. Ẹni tó dàgbà níbẹ̀ ní àkókò náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí ọjà ṣe lè kún nígbà tí ikùn ṣófo.

Hennessy kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Queen's College tó wà ní Cork, ṣùgbọ́n òṣèlú ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe akọ̀wé nínú iṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ́ òfin. Ní ọdún 1859, àwọn ará King's County, tí a mọ̀ sí Offaly lónìí, dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni ẹgbẹ́ tó bá wọlé. Ẹgbẹ́ Conservative ni, ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀ àti àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì. Ó fara mọ́ Disraeli, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Júù láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nílé ìgbìmọ̀, Hennessy máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìyà àwọn tálákà Írẹ́lándì. Nígbà tí àwọn ará Pólándì sì dìde sí ìjọba Rọ́ṣíà ní ọdún 1863, ó gbèjà wọn gan-an. Ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ dára, gbèsè rẹ̀ sì pọ̀. Ní ọdún 1865, ó díje lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbò díẹ̀ báyìí ló fi pàdánù. Olóṣèlú tí kò ní àga, tí kò sì ní owó, níbo ni yóò lọ? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wá iṣẹ́ fún un lókèèrè. Ní ọdún 1867, wọ́n fi í ṣe gómìnà Labuan, erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá Borneo. Bí ọmọ Cork ṣe di aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Ó dé etíkun wa

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1872, wọ́n gbé e wá sí Freetown gẹ́gẹ́ bí Gómìnà Àgbà fún gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ jẹ́ ká rántí pé láti ọdún 1866 títí di 1874, abẹ́ Freetown ni Èkó wà. Ẹni tó bá ń ṣàkóso ní Èkó, gómìnà tó wà ní Freetown ni ọ̀gá rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ Írẹ́lándì yìí kan Yorùbá.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ní Freetown mú kí àwọn Sàró fẹ́ràn rẹ̀. Owó orí kan wà tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀, èyí tó ń fa ìgbẹ́jọ́ àti gbígba ilé lọ́wọ́ tálákà. Hennessy fagi lé e, ó gbé ẹrù náà lé owó ibodè. Inú ará ìlú dùn débi pé wọ́n yan ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì kọ orin sí i. Ó tún sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn ọmọ Áfíríkà tó kàwé wà nílẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń kó òyìnbó wá ṣe, kí ibà sì tó pa òyìnbó náà. Kò purọ́. Africanus Horton, ọmọ Sàró tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ti di dókítà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1859, ó sì ti kọ ìwé kan ní ọdún 1868 lórí bí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe lè ṣàkóso ara rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ọmọ Ìkàrẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ Ọ̀kà ní kí a ka ìyókù.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1872, Hennessy dúró ní Elmina, ní etíkun Gánà òde òní, ó gba ilé olódi tí àwọn ará Holland ti ń lò láti ọdún 1637. Holland àti Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàdéhùn láàárín ara wọn. Ta ló bi ará Elmina léèrè? Ọba wọn, Kobina Gyan, kò fara mọ́ ọn. Asante náà ní tòun ni Elmina. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1873, ogun Asante rọ́ wá sí etíkun. Gẹ̀ẹ́sì lé Kobina Gyan kúrò nílùú, wọ́n kó o lọ sí Freetown, wọ́n sì dáná sun Kumasi ní ọdún 1874. Hennessy ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí iná ràn, ṣùgbọ́n òun ló gba kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ ló dúró níbẹ̀, tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Hennessy àti Ọba Gólóbà

Láti Elmina ló kọjá wá sí Èkó. Ẹni tó bá níbẹ̀ ni John Hawley Glover, ọmọ ogun ojú omi tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà. Ohun tó fa ìjà àwọn méjèèjì ni ọ̀nà.

Láti ọdún 1861 tí Dósùnmú ti fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ń fura. Àwọn ló wà láàárín Èkó àti ilẹ̀ òkè. Bí epo àti òwú bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá. Wọ́n mọ̀ pé bí òyìnbó bá ń ná ọjà tààrà pẹ̀lú Ìbàdàn, ìjẹ wọn ti bọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1865, Glover lé ogun Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú. Ní ọdún 1867, Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Wọ́n ti ọ̀nà, Glover náà ń ti ọ̀nà mọ́ wọn. Ọjà dẹ̀.

Glover bá wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ó ní bí ìwọ̀-oòrùn bá dí, kí a gba ìlà-oòrùn: kí a gba orí ọ̀sà, kí a gba ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kí a dé Oǹdó, kí a ti ibẹ̀ bọ́ sí Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìjà abẹ́lé ti tú Òde Oǹdó ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1872 kan náà, Glover rán Ọ̀gágun Goldsworthy lọ síbẹ̀ láti parí ìjà náà kí àwọn ènìyàn lè padà sí Òde Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Oǹdó kọjá bí ẹ bá ń ti Èkó bọ̀ wá sí Àkùngbá, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ní ìtàn.

Hennessy kò rí i bí Glover ṣe rí i. Nígbà tó dé Èkó, ó gbọ́ tẹnu àwọn oníṣòwò tí ọjà wọn ti dẹ̀, ó gbọ́ tẹnu àwọn tí Glover ti fi agbára mú, ó sì ránṣẹ́ àlàáfíà sí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ìpinnu rẹ̀ ni pé Glover ló ń dá ìjà sílẹ̀, pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ní ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tí yóò gba ilẹ̀ wọn kọjá. Láàárín oṣù díẹ̀, Glover ti fi Èkó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Èkó, pàápàá àwọn tí Glover ti gbà kúrò lóko ẹrú, sunkún rẹ̀. Àwọn mìíràn yọ̀.

Ta ló jàre níbẹ̀? Àwa kò fẹ́ yára dájọ́. Ní ti pé ọmọ Írẹ́lándì lè gbọ́ ohùn Ẹ̀gbá, kí ó gbà pé onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà ilẹ̀ rẹ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gidi kì í sábà gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn àti Èkìtì àti Oǹdó náà jẹ́ ènìyàn. Ọ̀nà tí Glover ń là fún òwò àti fún àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà náà ni Èkìtì Parapọ̀ wá jèrè nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́, tí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó para pọ̀ kọjú ìjà sí Ìbàdàn, ọ̀nà Oǹdó ni ìbọn òde òní gbà dé ọ̀dọ̀ wọn láti Èkó. Kò sí èyí tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Glover àti Hennessy. Ẹni tó ń la ọ̀nà kò mọ gbogbo ẹni tí yóò gbà á.

Níbo ni Àkókó wà ní gbogbo àsìkò yìí?

Ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wa béèrè nìyẹn, ó sì yẹ kó dùn wá. Ní ọdún 1872 tí àwọn òyìnbó méjì ń jà lórí ọ̀nà ní Èkó, ẹlẹ́ṣin Tápà ló ń da Àkókó láàmú. Láti Bídà ni wọ́n ti ń wá, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Bí ti Tápà bá rọlẹ̀ díẹ̀, ogun Ìbàdàn lè dé, tàbí kí Ògèdèngbé Ìjẹ̀ṣà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ẹni tó bá wo òkè Ọ̀kà àti àwọn òkúta tó yí Ìkàrẹ́ àti Àkùngbá ká yóò mọ ìdí tí àwọn baba wa fi fẹ́ràn orí òkè. Ẹṣin kì í gun àpáta.

Ẹ wá wo ohun tó korò níbẹ̀. Mọ̀sábà, Etsu tó wà lórí oyè ní Bídà nígbà náà, ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Òwò orí odò Ọya ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀, Glover fúnra rẹ̀ sì bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń kó wa lẹ́rú ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tó ní àwọn wá fòpin sí òwò ẹrú. Ọdún 1897 ni Royal Niger Company tó ṣẹ́gun Bídà, kì í sì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe jà. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà Oǹdó, nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ Ẹ̀gbá, àti nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ Bídà, àwọn ẹlòmíràn ló ń pinnu ayé Àkókó. Èyí ni ìdí tí a fi ń kọ ìtàn gómìnà kan tí kò dé Àkókó rí. Àṣẹ tí wọ́n pa níbi tí a kò sí, orí wa náà ló ń já lé.

Yunifásítì tí kò dé

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn Hennessy tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Ní ọdún 1872, Edward Wilmot Blyden wà ní Freetown. Erékùṣù St. Thomas ní ilẹ̀ Caribbean ni wọ́n bí i sí, ó ti gbé ní Liberia fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbọ́ Lárúbáwá, Gíríìkì àti Látìn. Ó kọ̀wé sí Hennessy pé kí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ọmọ Áfíríkà má baà máa lọ sí ilẹ̀ òyìnbó lọ kọ́ bí yóò ṣe kórìíra ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ Áfíríkà jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ èdè Áfíríkà àti èdè Lárúbáwá pẹ̀lú.

Hennessy kò fi ìwé náà sábẹ́ àpótí. Ó dá Blyden lóhùn pé òun fara mọ́ ọn, wọ́n sì tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde. Ọmọ Írẹ́lándì mọ ohun tí Blyden ń sọ. Queen's College tó lọ ní Cork, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà sì ta kò ó. Ìjà lórí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ Írẹ́lándì, àti ohun tí wọn yóò kọ́ ọ, kò tíì parí nígbà tí Hennessy fi wá sí Freetown.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbé Hennessy kúrò. Ní ọdún 1873, ó ti wà ní Bahamas. Gómìnà tuntun dé, ọ̀rọ̀ yunifásítì Blyden sì wọlẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà ní ọdún 1876 ni pé Fourah Bay College so mọ́ Yunifásítì Durham, kí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè gboyè Durham. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Durham ló ń pinnu ohun tí wọn yóò kà. Àwa ní tiwa dúró títí di ọdún 1948 kí Ìbàdàn tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ká yọ 1872 kúrò nínú 1948, ọdún 76 ni.

Àwọn ohun mìíràn tí Hennessy gbìn náà kò pẹ́. Ní ọdún 1898, gómìnà mìíràn ní Freetown, Cardew, gbé owó orí lé ilé àwọn ará ìgbèríko, ogun Bai Bureh sì bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ní òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí Hennessy ti sọ pé ọmọ Áfíríkà lè ṣe é, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ irú Horton.

Ìrìn àjò ìyókù

Kò sí ibi tí Hennessy dé tí kò dá awuyewuye sílẹ̀. Ní Barbados, ọdún 1876, ó fẹ́ kí erékùṣù náà bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ para pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan. Àwọn òyìnbó olóko ìrèké kọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ oko, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, gbà pé gómìnà wà lẹ́yìn àwọn. Wọ́n dìde, ọmọ ogun yìnbọn, ẹ̀mí ṣòfò. Ní Hong Kong, láti 1877 sí 1882, ó dín ẹgba tí wọ́n ń na àwọn ará Ṣáínà kù. Ní ọdún 1880, ó yan Ng Choy sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọmọ Ṣáínà àkọ́kọ́ tó jókòó níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ kórìíra rẹ̀. Kí ẹ má sì rò pé ẹni mímọ́ ni: onínúfùfù ni, ó máa ń bá gbogbo òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ jà, ó sì ti fi agbòòrùn rẹ̀ kọlu agbẹjọ́rò kan rí nítorí pé ó ń fura sí i lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ní Mauritius, níbi tó dé ní 1883, ó ní ti àwọn ará Mauritius ni Mauritius. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní 1886, wọ́n dá a padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1889, ó padà sí Cork gẹ́gẹ́ bí Sir John. Ó ra ilé ńlá àwọn ọlọ́lá kan, Rostellan Castle. Ohun tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣe oríkì, ó ti fi owó rà á padà.

Òṣèlú kò jẹ́ kó sinmi. Ní ìparí ọdún 1890, ọ̀rọ̀ obìnrin tú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Írẹ́lándì tó ń jà fún ìjọba ara ẹni ká. Olórí wọn ni Charles Stewart Parnell, onílẹ̀, ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì, ẹni tí ará ìlú ń pè ní ọba tí kò dé adé. Ilé ẹjọ́ ti fi hàn pé Parnell ń bá ìyàwó oníyàwó gbé. Hennessy díje ní North Kilkenny lòdì sí ẹni tí Parnell fà sílẹ̀. Ìjà gidi ni. Níbi ìpolongo náà ni wọ́n ti da ẹfun sí Parnell lójú. Hennessy wọlé, ìbò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì. Bó ṣe padà sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nìyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ọmọ Írẹ́lándì tó ń bèèrè òmìnira ilẹ̀ rẹ̀. Kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Parnell kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1891. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ 7, ni Hennessy kú ní Rostellan.

Ta ló jàre?

A padà síwájú ilé wa ní Àkùngbá. Ọmọ Ìkàrẹ́ ní òun jàre: ẹ ò rí i pé ó fagi lé owó orí, ó gbọ́ ohùn Ẹ̀gbá, ó dá Blyden lóhùn, ó gbé ọmọ Ṣáínà jókòó. Ọmọ Ọ̀kà ní òun ló jàre: ẹ ò rí Elmina, ẹ ò rí i pé ó jẹ́ aṣojú ọba níbi gbogbo tó dé, kò sì sọ níbì kankan pé kí Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Lójú wa, àwọn méjèèjì ló rí apá kan. Ìyà tí wọ́n fi jẹ Írẹ́lándì fún Hennessy ní etí. Ó lè gbọ́ ohun tí gómìnà mìíràn kò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n etí yàtọ̀ sí àṣẹ. Kò fi àṣẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ọ̀dọ̀ wa. Ó kàn lo àṣẹ tirẹ̀ dáadáa níwọ̀n bó ti mọ. Nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ, etí náà bá a lọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà tó bá dára nítorí pé ọba dára, ikú ọba ni òpin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ondo State University tó bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982, nígbà ìjọba Olóyè Adékúnlé Ajásin, ni gbòǹgbò ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìgbà tí wọ́n pín Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni Àkùngbá tó ní tirẹ̀ ní 1999. Ní 2004 ni wọ́n fi orúkọ Ajásin pè é. Gómìnà kan lè fẹ́ràn wa, kí owó ilé ẹ̀kọ́ rọlẹ̀. Gómìnà mìíràn lè dé, kí ó gbéra. A máa ń jó, a máa ń sunkún, a máa ń dúró de ẹni tí yóò tún ní etí. Ohun tí a kọ́ lára Hennessy ni pé kí a má dúró síbi etí. Ohun tí a bá fẹ́ kó pẹ́, kó wà nínú òfin, kó sì wà lọ́wọ́ àwa tí ọ̀rọ̀ kàn.

Àti pé kí a kọ ìtàn tiwa. Hennessy kọ lẹ́tà, Glover kọ lẹ́tà, Blyden kọ lẹ́tà. Ìdí tí a fi mọ̀ wọ́n nìyẹn. Ní ọdún 1872 kan náà, ẹnì kan wà lórí òkè Ọ̀kà tó ń ṣọ́nà fún ẹlẹ́ṣin Tápà. Ẹnì kan wà ní Ìkàrẹ́ tó ń pinnu bóyá kí wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n jà. Àwọn náà jẹ́ olóṣèlú, àwọn náà jẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Orúkọ wọn wà nínú oríkì àwọn ìdílé wa, ní ẹnu àwọn ìyá àgbà wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé nígbà ìsinmi, ẹ gbé fóònù yín síwájú wọn, ẹ bi wọ́n, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní Èkó àti lókè òkun, ẹ pe ilé kí ó tó pẹ́ jù. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kí a kọ ọ́ síbí.